Oríire Bàbá Àlàní Tó Há Sínú Ẹ̀rọ

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ọjà pa Bàbá Àlàní, ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní Kuta ni bàbá náà jókòó sí, wọ́n ń fi ẹ̀pà mu gààrí. Ara wọn le bí ọta. Wọ́n ti lọ sóko dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì ti bá aládùúgbò wọn fa ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ títí tí aládùúgbò náà fi sá wọlé. Ṣùgbọ́n ní Ìwó, àwọn obìnrin ọjà ti káwọ́ lérí, wọ́n ń ké pé, “Yéè! Erin wó!”

Sẹ̀gilọlá ló fà á. Kò mọ̀ọ́mọ̀ fà á, ṣùgbọ́n òun ló fà á.

Sẹ̀gilọlá Oyèdàmọ́lá, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ló ni ṣọ́ọ̀bù kékeré tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà ọjà Ìrẹ̀pọ̀, níbi tó ti ń tún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe. Iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́ nìyẹn. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n mọ́ ní Ìwó ni pé ó wà lára àwọn èèyàn díẹ̀ káàkiri ayé tó ń tọ́jú Pílínkì. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé ohùn jáde ni Pílínkì. Kò ní àwòrán mèremère, kò ní bọ́tìnnì téèyàn lè tẹ̀. Àṣẹ ni wọ́n máa ń kọ fún un, bí ìgbà tí ọ̀gá ń rán ọmọ iṣẹ́ níṣẹ́: gbé orin yìí, dákẹ́, gbé òmíràn. Ọ̀fẹ́ ni. Kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tí wọ́n fi kọ ọ́, wà ní gbangba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá wù ló lè kà á. Ẹni tó bá sì rí ibi tó ti bàjẹ́ lè tún un ṣe, kó fi àtúnṣe náà ránṣẹ́, kí àwọn tó kù yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún méjì ni Sẹ̀gilọlá ti ń fi àtúnṣe ránṣẹ́. Èyí tó tóbi jù tí wọ́n tíì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ti ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ṣì kọ, tó bá wọn fi lẹ́tà kan kún.

Nínú ọjà, Bùrọ̀dá Sirajudeen ló ń kéde tẹ́lẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi gbé gbohùngbohùn ọlọ́wọ́ kiri láti ìsọ̀ aláta dé ìsọ̀ aláṣọ, tí wọ́n ń kéde ìpàdé, ọmọ tó sọnù àti ẹran tó já okùn. Nígbà tí ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, Àlájà Fàsílátù, olórí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà, ránṣẹ́ pe Sẹ̀gilọlá.

“Ìwọ ọmọ Oyèdàmọ́lá,” Àlájà wí, bí Sẹ̀gilọlá ṣe kúnlẹ̀ kí wọn, “ṣé ẹ̀rọ kan ò lè bá wa sọ̀rọ̀ tí kò ní mú ọ̀fun ẹnikẹ́ni bó?”

“Ó wà, mà.”

Ìdáhùn yẹn ti yá jù. Ṣùgbọ́n ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n lo nǹkan tóun ń tọ́jú?

Sẹ̀gilọlá fa ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ jáde lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹpútà tí kò lójú kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ wo fíìmù, ṣùgbọ́n Pílínkì ò nílò ojú, àṣẹ nìkan ló nílò. Ó so ó mọ́ sípíkà ńlá kan tí wọ́n gbé kọ́ òpó irin lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Ó fi ohùn ara rẹ̀ gba àwọn ìkéde sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kúkúrú kúkúrú, ó sì ṣètò pé kí ẹ̀rọ náà máa sọ wọ́n nígbà tí àkókò bá tó. Bùrọ̀dá Sirajudeen dúró síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, gbohùngbohùn wọn lábẹ́ abíyá.

“Ẹ̀rọ tí kò léyín,” wọ́n ní. “A ó máa wò ó.”

Ọ̀sẹ̀ kìíní ò tíì parí tí wàhálà fi yọjú. Ohun tí Sẹ̀gilọlá gbà sílẹ̀ ni, “Ẹ má ṣe da ilẹ̀ sínú gọ́tà, ẹ jọ̀ọ́.” Ohun tí ọjà gbọ́ ni, “Da ilẹ̀ sínú gọ́tà.” Kò sí àṣẹ tí wọ́n tíì tẹ̀ lé kíákíá tó bẹ́ẹ̀ rí ní ọjà Ìrẹ̀pọ̀. Kareemah aláta, tó ti ń wá ibi tó máa da apẹ̀rẹ̀ tòmátì jíjẹrà mẹ́ta sí láti àárọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kó tó di ọ̀sán, gọ́tà ti kún dẹ́nu, omi pupa ń ṣàn lọ sábẹ́ ìsọ̀ Àlájà Fàsílátù fúnra wọn.

“Sẹ̀gilọlá! Ìwọ lo ní kí wọ́n da ilẹ̀ sí gọ́tà?”

“Rárá o, mà! Mo ní kí wọ́n má dà á síbẹ̀ ni.”

“Mo gbọ́ ‘dà.’ Mi ò gbọ́ ‘má.’”

Sẹ̀gilọlá dá máíkì lẹ́bi. Ó tún ìkéde náà gbà sílẹ̀, ó pariwo sí i, ó dán an wò lẹ́ẹ̀mẹwàá léraléra, ó sì ń jáde geere. Ó ní ọ̀rọ̀ ti parí. Kò mọ̀ pé ìdí tó fi ń jáde geere ni pé òun kò jẹ́ kí sípíkà náà sinmi láàárín ìgbà kan sí èkejì.

Bàbá Àlàní Ògúnkúnlé wá ńkọ́? Àwọn ni olórí àwọn tó ń kó iṣu wá láti Kuta. Lọ́dún náà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn oníṣu àti àwọn aláàárù tó ń já ẹrù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni iṣu ò fi wọ ọjà. Bàbá Àlàní ló là á. Wọ́n kó tọ̀tún-tòsì jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò ní dìde jẹun títí ìjà á fi parí. Ebi ló parí rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà bá fi wọ́n jẹ Bàbá Ọjà, Àlájà sì ní kí Sẹ̀gilọlá kéde rẹ̀.

“Má jẹ́ kó gùn,” Àlájà ní. “Sọ pé, ‘A kí Bàbá Àlàní kú oríire.’ Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí á wá bi mí.”

Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré. Sẹ̀gilọlá gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni. Ó ṣètò pé kí ẹ̀rọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kó máa sinmi fún ìdajì wákàtí láàárín, kí ẹni tí kò gbọ́ tẹ́lẹ̀ lè gbọ́ lẹ́yìn. Ó gun ọ̀kadà, ó gbé lápútọ́ọ̀pù oníbàárà kan lọ sí Olúpọ̀nnà.

Sípíkà náà máa ń pa ara rẹ̀ bí ìkéde kò bá sí, ó sì ti sùn láti òwúrọ̀. Kó tó jí, ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ ti kọjá lọ. Nígbà tó sì ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Pílínkì ti palẹ̀ mọ́, ó ti gba ilé lọ. Ohun tó dún jáde lórí òpó, lóhùn jẹ́jẹ́, lóhùn ẹni tó ń ṣàánú, ni: “Bàbá Àlàní kú.”

Nígbà tí Sẹ̀gilọlá máa fi padà dé, ọjà ti dàrú. Ìsọ̀ tó wà ní títì ju èyí tó wà ní ṣíṣí lọ. Kareemah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ata rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, bóyá nítorí ẹkún, bóyá nítorí ata.

“Ìyá Ata, ta ló kú?” Sẹ̀gilọlá bi í.

Kareemah na ìka sí i. “Ẹ wò ó! Ó pa wá lẹ́kún tán, ó tún ń bi wá pé ta ló kú! Ṣebí ohùn rẹ la gbọ́?”

Kí Sẹ̀gilọlá tó lanu, òpó irin tún fèsì fún ìgbà kẹta: “Bàbá Àlàní kú.”

Ohùn òun ni lóòótọ́. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gé níwájú, ó mọ ibi tó ti gé lẹ́yìn, ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì.

“Kò kú o!” ó pariwo. “Oríire ni! Kú oríire ni mo sọ!”

“Ẹ gbọ́ o,” obìnrin kan ké láti ìsọ̀ ẹ̀gẹ́. “Ó ní ikú Bàbá jẹ́ oríire!”

Wọ́n ń bọ̀ wá bá a. Sẹ̀gilọlá béèrè Àlájà. Wọ́n ní Àlájà ti kó èèyàn sínú kẹ̀kẹ́ mẹ́ta, wọ́n ti forí lé Kuta láti lọ bá wọn ṣọ̀fọ̀. Ọlọ́kadà tó gbé e dé kò tíì pa ẹ́ńjìnnì. Ó fò padà sẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n lé àwọn kẹ̀kẹ́ náà títí, àmọ́ ẹnu ọ̀nà Bàbá Àlàní gan-an ni wọ́n ti bá wọn. Halimah aláṣọ ló kọ́kọ́ já bọ́ sílẹ̀, ẹkún lẹ́nu: “Bàbá wa! Ta lẹ fi wá sílẹ̀ fún?” Ó rí Bàbá. Ó rí igbá gààrí. Ẹkún náà gé bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ó padà sínú kẹ̀kẹ́, ó fi ìborùn bo orí, ó ní kí ọlọ́kẹ̀kẹ́ máa wà á lọ.

Bàbá Àlàní jẹ ẹ̀pà tó wà lẹ́nu wọn tán. “Ẹ káàbọ̀ o. Ta ló kú?”

Àlájà Fàsílátù, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu wọn, wolẹ̀, wọ́n wòkè.

“A kàn ní ká yà kí yín ni,” Àlájà ní.

“Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta?”

“Ṣebí ẹ̀yin ni Bàbá Ọjà.”

Sẹ̀gilọlá rí i pé irọ́ yìí ò ní gbé wọn dé ibi kankan. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó ro gbogbo rẹ̀ fún Bàbá láìfi ọ̀kan pa mọ́. Nígbà tó sọ ohun tí ẹ̀rọ náà sọ, ìyàwó Bàbá tó wà nínú ilé fọwọ́ borí, ó ní olórí burúkú ni irin náà. Bàbá ò bínú. Wọ́n ń ronú.

“Tún ọ̀rọ̀ tí o gbà sílẹ̀ sọ.”

“A kí Bàbá Àlàní kú oríire, bàbá.”

“Èyí tó jáde ńkọ́?”

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má jẹ́ kí n tún un sọ.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè mi nìyí: oríire mi dà?”

“Ẹ̀n?”

“Ikú jáde. Oríire ò jáde. Níbo ló wà?”

Sẹ̀gilọlá ò mọ irú ìdáhùn mìíràn tó lè fún àgbàlagbà tó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ó sọ òótọ́. “Inú ẹ̀rọ ló wà, bàbá. Ó há síbẹ̀.”

Bàbá mi orí, wọ́n gbé igbá sílẹ̀. “Kò ní sùn síbẹ̀ pẹ́. Lọ́la ni màá wá gbà á.”

Àwàdà ni Sẹ̀gilọlá pè é. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, Bàbá Àlàní ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó sórí àpótí tí wọ́n gbé wá láti Kuta, pákò lẹ́nu.

“Ẹ káàárọ̀, bàbá.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣílẹ̀kùn. Iṣẹ́ wà.”

Kò sí bí ó ṣe fẹ́ lé wọn. Kí oòrùn tó gòkè, ìròyìn ti kàn pé òkú àná ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà, àwọn èèyàn sì ń wọ́ wá wò wọ́n. Bàbá ń fìdùnnú dá wọn lóhùn, wọ́n sì ń fara balẹ̀ wádìí lọ́wọ́ wọn: ta ló sunkún? Ta ni kò sunkún? Àwọn aláàárù wá ńkọ́? Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé olórí àwọn aláàárù dákú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí pákò fi bọ́.

Àlájà Fàsílátù wọlé wá láago mẹ́wàá. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ti pàdé: títí di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni Sẹ̀gilọlá ní. Bí ẹ̀rọ náà bá tún pa ẹnikẹ́ni, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, Bùrọ̀dá Sirajudeen á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Bùrọ̀dá Sirajudeen wà lẹ́yìn Àlájà, wọ́n gbé gbohùngbohùn sókè díẹ̀.

“Ọdún mọ́kàndínlógún,” wọ́n ní. “Mi ò pa ẹnì kankan.”

Sẹ̀gilọlá ṣí lápútọ́ọ̀pù, ó kọ ẹ̀sùn sí ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì àwọn tó ń tọ́jú Pílínkì. Ó ní bí fáìlì ohùn bá kúrú, orí rẹ̀ ń sọnù, ìdí rẹ̀ náà ń sọnù. Villem ni ọ̀gá níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń gbé ní ìlú olótùútù kan, tí kì í lo ọ̀rọ̀ méjì níbi tí ẹyọ kan bá ti tó. Ó fèsì kíákíá: “Kò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Orin wákàtí kan ni mo fi dán an wò.”

Inú bí Sẹ̀gilọlá. Ó fi fóònù gba ohun tí òpó irin sọ sílẹ̀, ó gbé e síbẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn: ohun tí mo ní kó sọ ni pé a kí Bàbá Àlàní fún àṣeyọrí wọn, ohun tó sọ ni pé Bàbá Àlàní ti kú.

Ó yẹ kó fi kún un pé bàbá náà wà láàyè. Oníbàárà kan ló dé, kò rántí.

Nígbà tó padà sídìí rẹ̀, àwọn èèyàn mọ́kànlá ti kọ̀wé. Ẹnì kan láti Brazil ní kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ Bàbá Àlàní. Ẹnì kan ní bàbá tòun náà kú lọ́dún tó kọjá, òun mọ bó ṣe ń rí. Villem, ọkùnrin ọ̀rọ̀ kan, kọ gbólóhùn mẹ́ta gbáko láti bá ẹbí kẹ́dùn. Nípa ti ohùn tó ń gé, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan.

“Kí ni wọ́n wí?” Bàbá béèrè.

Sẹ̀gilọlá ka gbogbo rẹ̀ fún wọn ní Yorùbá. Bàbá gbọ́ ọ dópin, wọ́n tún àpótí wọn tò.

“Òyìnbó ń dárò mi.”

“Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sí wọn pé ẹ wà láyé, bàbá.”

“Má tíì kọ ọ́. Jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn, Sẹ̀gilọlá wá rí i pé kò sẹ́ni tó máa bá òun tún un ṣe. Ó ṣí kóòdù náà fúnra rẹ̀, apá tí kò fọwọ́ kàn rí, apá tí Villem ti kọ sí òkè rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bàbá ní kó ṣàlàyé ohun tó ń wò.

“Bàbá, ẹ fojú inú wo ìkòkò omi kan,” ó ní. “Pílínkì ń pọn omi láti inú fáìlì, ó ń dà á sínú ìkòkò. Sípíkà ní tirẹ̀ ń mu níbẹ̀. Ìkòkò yẹn ni kì í jẹ́ kí ohùn máa já lẹ́nu, nítorí pípọn omi lè falẹ̀ nígbà mìíràn, mímu ò sì gbọdọ̀ dúró.”

“Ó dáa. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?”

“Bí Pílínkì bá ti da igbá omi tó kẹ́yìn sínú ìkòkò, ó rò pé iṣẹ́ ti parí. Ó máa fọ́ ìkòkò, á máa lọ. Kò bojú wẹ̀yìn wò bóyá sípíkà ti mu tán.”

“Oríire mi ni omi tó ṣẹ́ kù.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

“Ó fẹ́ epo,” Bàbá ní. “Gbogbo ohun tó bá jẹ́ irin ló ń fẹ́ epo.” Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Àlájà rí i tí òpó irin ẹnu ọ̀nà ọjà ń dán, tó ń rùn bí ọbẹ̀. “Astagfirullah,” ni Àlájà wí, wọ́n sì ní bí iṣẹ́ bá ti parí, kí ẹni tó fi epo pa á wá nù ún.

Ọjọ́ méjì ni Sẹ̀gilọlá fi tún ìdí ọ̀rọ̀ tó ń sọnù ṣe. Ó pàṣẹ fún Pílínkì pé kó má fọ́ ìkòkò, kó dúró títí sípíkà á fi mu tán. Ó rọrùn lójú rẹ̀. Ó pe Àlájà, ó pe Bàbá, ó dán an wò níwájú gbogbo ọjà.

“Bàbá Àlàní kú oríire,” ni òpó irin wí.

Ariwo ayọ̀ sọ.

“Oríire,” òpó irin tún wí. “Ríire. Ríire. Ríire. Ríire.”

Kò dákẹ́. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ta omi bẹ̀rẹ̀ sí í jó sí i. Bàbá Àlàní kọ́kọ́ ń mi orí bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó pẹ́, ojú wọn yí padà. “Ó tó o! Sẹ̀gilọlá, èyí ti kúrò ní tèmi nìkan, dá a dúró!” Sẹ̀gilọlá ń tẹ àṣẹ, Pílínkì ò gbọ́. Ó sáré lọ fa wáyà já nídìí òpó, ọwọ́ rẹ̀ kún fún epo.

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó. Ó ku ọjọ́ kan. Ó ń rò ó pé Villem jàre: kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bàbá wò ó títí.

“Ó jáde, àbí kò jáde?” wọ́n bi í.

“Ó jáde, bàbá, ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró.”

“Ṣé oríire tó pọ̀ jù ló ń kó àárẹ̀ bá wa? Ìyẹn dáa ju ikú lọ. Wò ó dáadáa.”

Ó tún un wò. Òbìrí ni ìkòkò náà: bí sípíkà bá mu dé ìpẹ̀kun, ó máa yí padà sí ìbẹ̀rẹ̀, bí omi tuntun ò bá sì sí níbẹ̀, á tún èyí tó ti mu mu. Ìdí tí kò fi lè mu tán nìyẹn! Sẹ̀gilọlá bá kọ ọ́ pé kí Pílínkì máa ka iye igbá tó dà sínú ìkòkò àti iye tí sípíkà mu. Ìgbà tí méjèèjì bá dọ́gba, kó jẹ́ kó dúró. Ìlà kóòdù mẹ́rin péré ni.

Ó ku orí ọ̀rọ̀ tó ń sọnù. Ìyẹn ló rú u lójú jù. Ó jáde lọ gba atẹ́gùn. Nínú ọjà, nítorí pé ẹ̀rọ ti dákẹ́, Bùrọ̀dá Sirajudeen ti padà sẹ́nu iṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Wọ́n gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, wọ́n fọwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, “Àgò o!” Wọ́n dúró díẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Sẹ̀gilọlá sáré bá wọn. “Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kọ́kọ́ máa ń ké àgò?”

Wọ́n wò ó bíi pé ó béèrè ìdí tí omi fi ń tutù. “Kí etí lè jí ni. Ẹni tó bá dédé bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ta ló máa gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀?”

“Ẹ ṣeun! Ẹ ṣeun, sà!” Ó ti kúnlẹ̀, ó ti dìde, ó ti ń sáré lọ. Sípíkà tó sùn ń fẹ́ àsìkò láti jí. Ó ní kí Pílínkì kọ́kọ́ da ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ sínú ìkòkò kó tó da ọ̀rọ̀ sí i: kí sípíkà mu ìdákẹ́jẹ́, kó là lójú, kí ọ̀rọ̀ tó dé.

Lọ́jọ́ ọjà, gbogbo èèyàn dúró jìnnà sí òpó. Kareemah ti fọwọ́ di etí. Sẹ̀gilọlá ti jẹ́ kí sípíkà sùn láti àárọ̀, kó má bàa sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Ó tẹ àṣẹ. Òpó irin dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan.

“A kí Bàbá Àlàní kú oríire.”

Ó dákẹ́. Wọ́n dúró. Ó ṣì dákẹ́.

Bàbá Àlàní dìde lórí àpótí wọn. “Ẹ jẹ́ kó tún un sọ.” Ó tún un sọ, bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàbá tún agbádá wọn ṣe léjìká, wọ́n ní, “Mo gbà á o,” pẹ̀lú ohùn tó rẹlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n dá nǹkan rẹ̀ padà fún. Àlájà Fàsílátù ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Sẹ̀gilọlá fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí Villem. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dákẹ́. Ọjọ́ kẹrin, lẹ́tà gígùn dé. Villem ní òun ti fi fáìlì kúkúrú dán an wò báyìí. Ó ní Pílínkì lòun fi ṣe aago ẹnu ọ̀nà òun, pé láti ọdún mẹ́fà ló ti ń dún “íń,” tóun rò pé bí aago náà ṣe ń dún nìyẹn. Àná ló kọ́kọ́ dún “gbíń-ín,” tí ìyàwó òun fi bi òun bóyá òun ra òmíràn. Ó gba àtúnṣe náà. Ó fi orúkọ Sẹ̀gilọlá sára àwọn tó láṣẹ láti gba iṣẹ́ àwọn mìíràn wọlé. Ní ìparí, ó béèrè bí ẹbí olóògbé ṣe ń ṣe sí.

Kò sí ibi tó tún lè sá sí mọ́. Sẹ̀gilọlá ya Bàbá Àlàní ní fọ́tò lórí àpótí, iṣu ńlá kan lórí itan wọn, ẹ̀rín lẹ́nu, ó sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àlàyé. Ẹni tó wà ní Brazil ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní inú òun dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ti tan àbẹ́là.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bùrọ̀dá Sirajudeen wọ ṣọ́ọ̀bù wá, wọn ò gbé gbohùngbohùn dání. Wọ́n wo kọ̀ǹpútà tí kò lójú, wọ́n yí i po.

“Ó ń sọ̀rọ̀ geere báyìí,” wọ́n ní. “Ohùn rẹ ni kò dáa. Ò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìwé fún adájọ́.”

“Ẹ wá bá mi sọ ọ́, sà.”

Wọn ò jẹ́ kó bẹ̀ wọ́n. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adédìpẹ̀ ti wá láàárọ̀ pé àgbò òun sọnù. Sẹ̀gilọlá ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlà kan: àgbò funfun, ojú rẹ̀ dúdú, ẹni tó bá rí i kó mú un wá. Bùrọ̀dá Sirajudeen ka ìlà náà, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sún mọ́ máíkì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwo. Wọ́n sọ bí ìwo náà ṣe ká, wọ́n sọ bí ó ṣe ń rìn bí ọmọ ọba, wọ́n sọ àánú tó yẹ kó ṣe ẹni tó bá rí i tó sì so ó mọ́lẹ̀ nílé ara rẹ̀, wọ́n rántí ọjọ́ àjíǹde. Wọn ò húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Sẹ̀gilọlá rántí pé Àlájà ní kó máa kúrú, ṣùgbọ́n ohùn náà dùn, kò lè dá a dúró.

Bí wọ́n ṣe ń parí ni wọ́n gbọ́ nǹkan tó ń já lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Sẹ̀gilọlá lọ yọjú. Àgbò funfun olójú dúdú kan ló dúró síbẹ̀, ó ń jẹ páálí tí wọ́n fi di kọ̀ǹpútà oníbàárà.

“Bùrọ̀dá, a ti rí i o. Ẹ jẹ́ kí n pa ìkéde náà rẹ́.”

“Háà, má pa á rẹ́!” Bùrọ̀dá Sirajudeen fọwọ́ bo kọ̀ǹpútà náà. “So àgbò mọ́lẹ̀ ná. Jẹ́ ká kéde rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.”